Lámbò, Árò àti Orí Tó Ń Gbóná: Ta Ló Yẹ Ká Gbé Aláìsàn Tọ̀ Lọ?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń ta epo pupa lọ́jà Ìpókíá. Ìyá Elépo ni gbogbo wa ń pè é. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ bí ìjàlọ. Oorun dá lójú rẹ̀. Bó bá jókòó ti kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. A gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan. Èrò kún ibẹ̀, òṣìṣẹ́ ò tó. Kò tíì rojọ́ dé ìdajì tí wọ́n ti kọ Panadol àti fítámì fún un, wọ́n ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sílé àdúrà. Níbẹ̀, wọ́n fún un ní àga, wọ́n bu omi fún un. Wọ́n bi í léèrè ọmọ rẹ̀ tó kọjá sí Kútọnu tí kò fi fóònù pe ilé mọ́. Wọ́n bi í léèrè owó àjọ tí ẹnì kan gbé sá lọ. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó sunkún, wọ́n gbàdúrà fún un. Lóru ọjọ́ náà, ó sùn wọra, ilẹ̀ mọ́ bá a lójú oorun. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọkàn àwa náà sì balẹ̀.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ó ń ró ìró rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ láti gbé aṣọ. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n fún un rí. Àwọn tó ní ẹ̀rọ kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán. Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán kò ní ẹ̀rọ.

Títí dòní ni ẹbí wa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Apá kan ní ilé àdúrà ló ba nǹkan jẹ́, torí ó mú ká fọwọ́ lẹ́rán lórí àìsàn tí kò tíì lọ. Apá kejì ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ló jẹ̀bi, torí ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn dópin ló ń mọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ kàn. Àríyànjiyàn náà ju ẹbí wa lọ. Ó ti wà nílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí láti nǹkan bí ọdún 70 sẹ́yìn, ọkùnrin kan sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ wá ojútùú rẹ̀. Mo fẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ọkùnrin náà, ká gbé ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ká tó dájọ́.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Thomas Adéoyè Lámbò ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1923. Ó ka ìwé ní Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Yunifásítì Birmingham, ó gboyè dókítà ní 1948, ó sì lọ kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí òyìnbó ń kọ nípa ọpọlọ ọmọ Áfíríkà nígbà náà kò dùn ún gbọ́. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí J. C. Carothers, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ. Nínú rẹ̀, ó fi ọmọ Áfíríkà tí ara rẹ̀ yá wé òyìnbó tí wọ́n ti fi abẹ kan iwájú ọpọlọ rẹ̀. Lámbò kò gbà. Ó kọ̀wé lòdì sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe nílé ló fèsì jù.

Ní 1954, ó gba àkóso Ilé Ìwòsàn Àrùn Ọpọlọ Árò ní Abẹ́òkúta. Ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí ṣáájú ìgbà náà ni Lántòro, tí wọ́n ṣí ní 1944. Árò fúnra rẹ̀ kò tíì parí. Ibùsùn kò sí. Lámbò kò dúró de bíríkìlà. Ó wọ àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó bá àwọn àgbà ibẹ̀ jókòó, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi yàrá háyà fún aláìsàn. Abúlé mẹ́rin ló wọ inú ètò náà. Òfin kan sì wà: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀ ni o, ìyàwó rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ni o, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ tó mọ̀ lẹ́nu fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, kí ó sì mú un padà sáàárín àwọn ará abúlé lọ́sàn-án. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi kún yàrá wọn, wọ́n sì bá wọn mú omi àti ìmọ́tótó gbòòrò sí i.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbé ojú sókè. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọlé, pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́ lórí àwọn aláìsàn tó gbà pé àfiṣe ló ń ṣe àwọn, tàbí pé orí àwọn ló ń bínú, tàbí pé baba ńlá àwọn ló ń béèrè nǹkan. Abẹ́ ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kò rọ́pò dókítà, dókítà kò sì lé wọn.

Òkìkí iṣẹ́ náà kàn. Ní 1961, Lámbò kó àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun jọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní 1963, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìwé jáde lórí àrùn ọpọlọ láàárín Yorùbá. Ìwé náà fi hàn pé irú ìrora ọkàn tó ń ṣe àwọn ará òkè òkun ló ń ṣe àwọn tiwa náà. Ọdún yẹn kan náà ni Lámbò di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Ó ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968 sí 1971, ó sì gba Geneva lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní 1973, ogún ọdún gééré lẹ́yìn tí àjọ náà tẹ ìwé Carothers, ọmọ Abẹ́òkúta yìí di igbákejì olùdarí àgbà rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1988. Ó papò dà ní oṣù kẹta ọdún 2004, nígbà tó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 81.

Ó wá ku ìbéèrè tó fi sílẹ̀. Ṣé ó yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú ọkàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀, àdúrà, ètùtù àti ewé ní àyè nínú ìtọ́jú àìsàn, tàbí kí a fi gbogbo rẹ̀ lé dókítà lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fetí sí àwọn tó sọ pé ó yẹ.

Wọ́n ní ọkàn àti ara kò gbé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Yorùbá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ni a fi ń sọ pé inú ẹnì kan bàjẹ́, pé àyà rẹ̀ já, pé ara rẹ̀ kò lélẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìbànújẹ́ tàbí ẹ̀rù là ń wí. Peter Ebigbo, onímọ̀ ìṣesí ọkàn ní Enugu, kó irú ẹjọ́ báyìí jọ, ó sì fi ṣe ìwé ìbéèrè tó gbé jáde ní 1982. Orí tó ń gbóná wà níbẹ̀. Nǹkan tó ń rìn lára wà níbẹ̀. Ó rí i pé ọ̀nà tí àárẹ̀ ọkàn ń gbà sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ "nǹkan ń rìn lórí mi" tó sì kọ Panadol, èdè náà ni kò gbọ́.

Wọ́n tún ní ìgbàgbọ́ ń ṣe nǹkan gidi nínú ẹran ara. Ní 1978, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Kalifọ́níà, Jon Levine, Newton Gordon àti Howard Fields, ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún. Wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn kankan nínú. Ìrora fúyẹ́ lára àwọn kan, torí wọ́n gbà pé oògùn ni. Àwọn onímọ̀ náà wá lo naloxone, èyí tó máa ń dínà fún oògùn ìrora bíi mọfíìnì. Ìrora padà wá bá àwọn tí ara ti tù. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé nígbà tí ọkàn gbà pé ìtura dé, ara fúnra rẹ̀ po oògùn, ó sì lò ó. Oorun tí Ìyá Elépo sùn lóru ọjọ́ àdúrà yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. Ara rẹ̀ sinmi nítòótọ́.

Ẹ̀rí kẹta wọn wà nínú igbó. Igi kan wà tí a ń pè ní àsofẹ́yẹjẹ, tí ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn baba wa ń lò fún ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú. Ní 1952, ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Switzerland yọ èròjà reserpine láti ara ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún wèrè àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Árò ní ìparí àwọn ọdún 1950, jókòó ti àwọn oníṣègùn wa, ó sì kọ̀wé ní 1960 lórí bí wọ́n ṣe ń fi àsofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Ohun tí yàrá ìwádìí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, agbè àwọn baba wa ti gbé e pẹ́.

Wọ́n fi ti ọ̀nà jíjìn kún un, ọ̀rọ̀ yìí sì yé ará Ìpókíá ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti ibí dé Árò, ẹ ó gba Òwódé, ẹ ó gba Ìlaròó, ẹ ó já sí Pápálántò kí ẹ tó dorí kọ Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni, pẹ̀lú ẹni tí orí rẹ̀ kò pé tó ń fẹ́ fò bọ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà ọpọlọ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà nílùú ńlá. Oníṣègùn ní tirẹ̀ wà ládùúgbò. Ó gbọ́ Ànàgó, ó gbọ́ Ègùn, ó mọ ìyá aláìsàn, ó sì mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ẹbí. Bí kò bá sí ní ìhà tiwa, ó wà lódìkejì bodè lọ́nà Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá ní ká yẹra fún un gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí a ó lọ bá lọ́gànjọ́ òru.

Ọ̀rọ̀ wọn lágbára. Àwọn tó kọ̀ náà kò sọ̀rọ̀ lásán.

Wọ́n kọ́kọ́ nawọ́ sí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ohun tí wọ́n rí jáde lẹ́yìn tí wọ́n bẹ ibi ìtọ́jú 28 wò ní ìpínlẹ̀ 8 àti Àbújá. Wọ́n bá àwọn èèyàn tí wọ́n so ẹsẹ̀ wọn mọ́ irin, àwọn tí wọ́n ń nà, àwọn tí wọ́n fi ebi pa ní orúkọ ààwẹ̀. Ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ilé àwọn ààfáà wà níbẹ̀. Kí a sì sọ òótọ́, ibi ìjọba náà wà níbẹ̀. A kò sì nílò àjèjì kó tó sọ fún wa. Àwọn àgbà wa mọ àbà, igi tí wọ́n ń gbẹ́ ihò sí láti fi ki ẹsẹ̀ aṣínwín bọ̀. A máa ń sọ pé wèrè la fi ń wo wèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti fi òwe yìí di pàṣán mú.

Wọ́n tún sọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n. Àsofẹ́yẹjẹ tó ń mú orí balẹ̀ náà ló ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bó bá sì pọ̀ jù, ó lè fà á wálẹ̀ kọjá ibi tí ẹ̀mí lè dúró. Reserpine inú rẹ̀ lè mú kí ìbànújẹ́ bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Oníṣègùn ń bu gbòǹgbò ní ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè mọ bí èròjà inú ti òní ṣe le sí ti àná. Aláìsàn tó bá ń mu àgbo ní kọ̀rọ̀ tó tún ń lo oògùn dókítà lè ṣubú lulẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó fà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n máa ń nàka sí. Bí wọ́n bá ní ọwọ́ ayé ló wà nínú àìsàn kan, ọwọ́ ayé náà yóò ní orúkọ, yóò sì ní ojúlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá arúgbó ẹ̀yìnkùlé tí kò lọ́mọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Aláìsàn lè rí ìtura, kí ẹlòmíràn sì ti ibẹ̀ di ẹni ìtanù.

Èyí tó wúwo jù lọ́wọ́ wọn ni ìwádìí kan tó jáde ní 2011 láti Boston, tí Michael Wechsler, Ted Kaptchuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe lórí àwọn tó ní ikọ́ fée. Aláìsàn 39 ló bá wọn dé òpin. Nígbà tí wọ́n fa oògùn gidi símú, agbára èémí wọn lọ sókè ní ìwọ̀n 20 nínú 100. Nígbà tí wọ́n fa èyí tí kò ní oògùn, tàbí tí wọ́n díbọ́n bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún wọn lára, tàbí tí wọ́n kàn jókòó lásán, kò ju nǹkan bí 7 lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé báwo lara, ìtura tí wọ́n sọ fún oògùn gidi jẹ́ 50 nínú 100, ti àwọn ayédèrú méjèèjì jẹ́ nǹkan bí 45. Ẹ tún un kà. Ara tù wọ́n, ẹ̀dọ̀fóró wọn sì wà bó ṣe wà. Bí mo ṣe ka èyí, ojú Ìyá Elépo ló wá sí mi lọ́kàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì àdúrà: ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru.

Wọ́n ní Árò pàápàá kò yẹ ká máa yìn ín láìbéèrè. Lámbò kò fi ilé abúlé àti ẹbí nìkan wo ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, àwọn aláìsàn ń lọ gba oògùn òde òní àti ìtọ́jú iná mànàmáná. Bí ara wọn bá yá, ta ni ọpẹ́ tọ́ sí, ìyá tó ń se ọbẹ̀ ni tàbí nọ́ọ̀sì tó ń fún abẹ́rẹ́? Ẹni tó bá aláìsàn lọ sí abúlé náà fi oko àti ọjà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìnira náà sì máa ń já lé obìnrin lórí. Nígbà tí Lámbò lọ tán, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rìn ín bó ṣe rìn ín. Tọ́láni Asuni, tó gba àkóso Árò lẹ́yìn rẹ̀, kọ̀wé ní 1979 lórí bí ọ̀rọ̀ ìwòsàn ìbílẹ̀ ṣe jẹ́ ìdààmú olójú méjì ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tó bá rọ̀ mọ́ ọlá ènìyàn kan, kò rọrùn láti fi ṣe ètò gbogbo ìlú.

Mo ti gbọ́ ìhà méjèèjì, mi ò sì lè sọ pé ọ̀kan ń parọ́. Ohun tí mo rí ni pé ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Àwọn kan ń dáhùn ohun tó ń ṣe ẹni tó ń ṣàìsàn. Àwọn kejì ń dáhùn ohun tó ń ṣe ara rẹ̀. Ìbéèrè méjèèjì ló bá Ìyá Elépo wọ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, méjèèjì ló sì bá a wọ ilé àdúrà.

Ṣé a lè dáhùn wọn pa pọ̀? Ó ṣeé ṣe, wọ́n sì ti dán an wò nítòsí wa. Ní 2020, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ìbàdàn àti Kumasi ní Gánà ni wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú aláìsàn 307 tí orí wọn dàrú, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn oníwòsàn ilé ìgbàgbọ́. Wọn kò kó aláìsàn kúrò níbẹ̀. Ní ìhà kan, wọ́n fi òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ti kọ́ ṣọwọ́ sí ibi tí aláìsàn wà, kí òun àti oníwòsàn jọ máa ṣe ìtọ́jú náà, oògùn lọ́wọ́ kan, àdúrà tàbí ètùtù lọ́wọ́ kejì. Ní ìhà kejì, nǹkan ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n fi òṣùwọ̀n tó ń ka àmì wèrè díwọ̀n gbogbo wọn. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ara ṣe yá tó. Ìhà tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ jẹ́ 53.4, ìhà kejì jẹ́ 67.6. Lílù, dídè àti irú ìyà bẹ́ẹ̀ sì dínkù gan-an ní ìhà méjèèjì.

Ohun tí èsì yìí sọ fún mi ni pé Lámbò kò ṣìnà, àwọn tó ń bá a jiyàn náà kò sì ṣìnà. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìlera ló ní láti dìde lọ bá aláìsàn, ojú ẹni tó mọ oògùn sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pàdé ní Alma-Ata ní 1978 lórí ìlera alábọ́dé, Lámbò jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní àjọ tó pe ìpàdé náà pẹ̀lú UNICEF. Ìkéde ibẹ̀ gba oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra níbi tí wọ́n bá ti nílò rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé kí wọ́n kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ dáadáa kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́ bí ẹgbẹ́. Àdéhùn yẹn la gbàgbé nílé. A mú ìfàyègbà, a fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ìdájọ́ tèmi rèé, mo sì gbé e síwájú tòun ti ẹ̀rù, torí ẹ̀mí ènìyàn la ń sọ. Ẹni tó ń tọ́jú ọkàn ní àyè. Kí àyè rẹ̀ má ṣe jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí aláìsàn kò ní lè gbà kọjá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Olùṣọ́àgùntàn, ààfáà tàbí oníṣègùn tó bá lu ènìyàn, tó so ó mọ́lẹ̀, tó fi ebi pa á, tàbí tó ní kó má lo oògùn mọ́, ti jáde kúrò nínú iṣẹ́ ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí kò lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún gbọ́ ohun tí aláìsàn rò pé ó fa àìsàn òun kò tíì wọ inú rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Òfin lórí àwọn tí orí wọn dàrú, tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1916, ló ń darí wa títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí a gbọ́ pé ààrẹ ti fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Árò fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti 2011, tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ní ìpínlẹ̀ Ògùn bí wọ́n ṣe lè dá wèrè, ìbànújẹ́ ọkàn, wárápá àti àmujù ọtí tàbí oògùn olóró mọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú wọn nítòsí ilé. Ohun tí Lámbò fi abúlé mẹ́rin ṣe ni irú ètò báyìí lè gbé dé ìgbèríko. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá àti gbogbo Yewa má jẹ́ kó kú. Kí wọ́n pe àwọn olórí ilé àdúrà, àwọn ààfáà àti àwọn oníṣègùn jókòó, kí wọ́n kọ́ wọn ní àmì tó yẹ kó mú wọn sáré gbé ènìyàn lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n sì fún ilé àdúrà tó bá fẹ́ ní ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá kan, kí wọ́n kọ́ ọmọ ìjọ kan bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ̀rọ náà kò ju nǹkan tí ènìyàn lè gbé sí apá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ìyá yín bá ní orí òun ń gbóná, ẹ ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, kí ẹ má já a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n á ti wọn ìfúnpá rẹ̀. Bó bá ń mu àgbo, ẹ sọ orúkọ àgbo náà fún dókítà láìtijú.

Ìyá Elépo ti padà sọ́jà. Ọmọ tó wà ní Kútọnu ti pe ilé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nínú àpò ìró rẹ̀, ó sì ń lọ sílé àdúrà lọ́jọ́ Àìkú bó ṣe ń lọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Ọwọ́ òsì ló fi ń wọn epo, òun náà ló fi ń gba owó, á sì kọ́kọ́ ní kí oníbàárà má bínú.